Kọ̀ǹpútà 20, ọmọ 160, iná tí kò dúró: báwo la ṣe máa tò ó kó lè pẹ́?

Tíṣà_Kọ̀ǹpútà (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde fẹ́ ra kọ̀ǹpútà 20 fún ilé-ẹ̀kọ́ girama wa. Wọn ò tíì sanwó, nítorí náà ọ̀rọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni. SS2 nìkan jẹ́ ọmọ 160, kíláàsì mẹ́rin, ogójì ọmọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iná ìjọba kì í tó wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa dé. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì àfi ti orí fóònù. Ohun tí a ń wá ni kí àwọn ọmọ lè fi kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kí ọwọ́ wọn sì ti mọ́ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó dé iwájú JAMB àti WAEC. Kí ni ká ní kí wọ́n rà? Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe? Kí ni ó máa ń ba irú yàrá báyìí jẹ́?

Tíṣà_Físíìsì (Ìbàdàn)

Ẹ tètè bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dé ọjà. Kí wọ́n má ra dẹ́sítọ́ọ̀pù. Láptọ́ọ̀pù ni kí wọ́n rà, kódà kó jẹ́ tòkúnbọ̀. Dẹ́sítọ́ọ̀pù kan pẹ̀lú ojú rẹ̀ ń jẹ tó wáàtì 150. Ogún rẹ̀ di 3,000. Láptọ́ọ̀pù tí ọmọ ń lò tó sì ń gba iná lọ́wọ́ kan náà kì í sábà ju wáàtì 45 lọ. Ogún rẹ̀ di 900. Owó tí wọ́n bá rò pé àwọn dín kù lórí dẹ́sítọ́ọ̀pù, ínfátà àti bátìrì ló máa gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Bí iná bá sì lọ láàárín ìdánwò, láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ dáa ò ní kú mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ bá ń yẹ tòkúnbọ̀ wò, ẹ yọ ṣájà, ẹ ṣí fídíò kan, ẹ jẹ́ kó máa lọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èyí tó bá kú kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, ẹ má gbà á.

Ó wá kan ìṣirò iná. Láptọ́ọ̀pù 20, wáàtì 900. Sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn yòókù), switch (àpótí tí a fi ń so wáyà gbogbo wọn pọ̀) àti ráútà, nǹkan bí 80. Fáànù mẹ́rin, 280. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,260. Bí ẹ bá máa lò ó fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 5,000 wáàtì-wákàtí. Ínfátà 5kVA oní-48V gbé e dáadáa. Bátìrì líthíọ́ọ̀mù kan, 51.2V 100Ah, gba nǹkan bí 5,100. Bí owó ò bá tó líthíọ́ọ̀mù, tubular (bátìrì olómi) 12V 200Ah mẹ́rin gba 9,600, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ péré ni kí ẹ máa lò kó lè pẹ́, nítorí náà iṣẹ́ tí méjèèjì máa ṣe fún yín ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Tubular tún ń fẹ́ omi bátìrì, ìyẹn omi distilled, tí wọ́n sè di oru tí oru náà sì padà di omi, kì í ṣe ti ẹ̀rọ tàbí ti kànga. Ìsinmi gígùn oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ló ń pa tubular ilé-ẹ̀kọ́: kò sẹ́ni tó ṣí ìdérí rẹ̀ wò, omi gbẹ, nígbà tí wọ́n bá wọlé padà, ó ti kú.

Pánẹ́ẹ̀lì 550W mẹ́rin jẹ́ 2,200. Ní ilẹ̀ wa níbí, ẹ fi wákàtí mẹ́rin oòrùn tó múná ṣírò, kí ẹ sì yọ ìdámẹ́rin kúrò fún eruku, ooru àti wáyà. 2,200 × 4 × 0.75 jẹ́ 6,600. Ó tó fún ọjọ́ tó dára. Ṣùgbọ́n nígbà òjò, tí ojú ọ̀run ṣú láti àárọ̀, mẹ́fà ló máa fọkàn yín balẹ̀.

Pánẹ́ẹ̀lì kọ́ ló ń kọ́kọ́ ba irú ètò yìí jẹ́ o. Ọ́fíìsì ni. Wọ́n á ní kí wọ́n fa wáyà kan lọ sí fìríìjì ọ̀gá, òmíràn á lọ sí yàrá àwọn olùkọ́ níbi tí wọ́n ti ń fi kẹ́túlù se omi. Kẹ́túlù kan ṣoṣo ń jẹ tó wáàtì 2,000, ó ju gbogbo láptọ́ọ̀pù inú yàrá yẹn lọ. Kí wáyà ínfátà bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá kọ̀ǹpútà, kí ó sì parí síbẹ̀. Kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde àti ilé-ẹ̀kọ́ máa fọwọ́ sí, kí ó má baà jẹ́ pé olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni yóò máa bá ọ̀gá rẹ̀ fa á.

Ẹ má gbàgbé wáyà ilẹ̀ àti ohun èlò tó ń dá àrá dúró. Oṣù Kẹta àti Kẹrin, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ni àrá ń jó ínfátà jù.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì_Ẹ̀gbá (Abẹ́òkúta)

Ọ̀gá mi Físíìsì, ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n mú ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ẹ ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì nínú yàrá yẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù kan tó ní RAM 8GB àti SSD 256GB tó fi ṣe sáfà. Ẹ ra switch oníhò 24 àti wáyà Cat6, kí wáyà kankan má gùn ju mítà 100 lọ. Ẹ fi Moodle sórí sáfà fún ìdánwò, ẹ fi Kolibri sí i fún ẹ̀kọ́. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Fún Kolibri, ẹ gbé hard disk lọ síbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti yá, kí ẹ sì yan orí ẹ̀kọ́ tí ẹ máa lò ní táàmù náà nìkan. Bí ẹ bá ní kó wa gbogbo fídíò ẹ̀kọ́ Khan Academy tó wà nínú rẹ̀ pátá, dátà á tán, àyè orí hard disk á sì kún. Tí ẹ bá ti kó o wọ sáfà, àwọn ọmọ á ṣí i nínú bíráúsà pẹ̀lú nọ́ńbà sáfà àti :8080 lẹ́yìn rẹ̀.

Ìṣòro àkọ́kọ́ tí ẹ máa bá pàdé ni ti IP, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nígbà tí ẹ bá ń gbé Moodle kalẹ̀, ó máa ń kọ àdírẹ́sì ara rẹ̀ sínú config.php, ní ìlà tó ní wwwroot. Bí ráútà bá fún sáfà ní nọ́ńbà mìíràn lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ á tẹ nọ́ńbà tuntun, Moodle á sì máa darí wọn padà sí ti àná tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Gbogbo yàrá á ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Kí ẹ tó fi Moodle sí i rárá, ẹ fún sáfà ní nọ́ńbà tí kì í yí, bíi 192.168.10.2, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà.

Ìkejì, aago. Nínú láptọ́ọ̀pù àti dẹ́sítọ́ọ̀pù àtijọ́, bátìrì kékeré kan wà tó dà bí owó ẹyọ, CR2032 ni lórí ọ̀pọ̀ dẹ́sítọ́ọ̀pù. Nígbà tó bá kú, tí iná sì lọ, ọjọ́ tó wà lójú ẹ̀rọ á fò padà sẹ́yìn lọ́dún púpọ̀. Bó bá jẹ́ sáfà ló ṣẹlẹ̀ sí, ìdánwò tí ẹ ní kó ṣí ní aago mẹ́wàá òní ò ní ṣí, nítorí lójú sáfà, òní ò tíì dé. Ẹ wo aago sáfà láràárọ̀ kí ọmọ kankan tó wọlé.

Ìkẹta, bí ẹ ṣe máa kó ìbéèrè sí i. Ẹ má jókòó máa tẹ̀ wọ́n sínú Moodle lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ wọ́n sínú Notepad ní ìlànà Aiken, báyìí:

Bí 3x + 5 = 20, kí ni x?
A. 3
B. 5
C. 7
D. 15
ANSWER: B

Ìbéèrè gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan ṣoṣo. A, B, C, D gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́tà ńlá, kí àmì ìdánudúró tẹ̀ lé wọn, kí ààyè sì wà lẹ́yìn rẹ̀. ANSWER gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́tà ńlá pátá. Ìlà òfìfo kan ló ń ya ìbéèrè kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Ẹ má fi sí àárín ìbéèrè. Bó bá kọ̀ láti wọlé, nọ́ńbà ìlà tí àṣìṣe wà máa ń hàn: ìlà yẹn tàbí èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ lọ wò. Nígbà tí ẹ bá ń pa fáìlì náà mọ́, ẹ yan UTF-8, kì í ṣe ANSI. Bí ẹ bá yan ANSI, gbogbo ẹ, ọ, ṣ inú ìbéèrè Yorùbá á di àmì ìbéèrè.

Ìyá_Èdè (Ilé-Ifẹ̀)

Ọlọ́run á bù kún yín lórí ọ̀rọ̀ UTF-8 yẹn, bọ̀dá mi. Ìbéèrè lórí àmì ohùn tí kọ̀ǹpútà ti jẹ àmì rẹ̀ kò ní ìdáhùn, ọmọ tó mọ̀ ọ́n àti ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n á jọ máa méfò ni. Mo ń bọ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ èdè níwájú.

Ọ̀gá_Ìdánwò (Adó-Èkìtì)

Kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń múra ọmọ sílẹ̀ fún. UTME, ìyẹn ìdánwò JAMB, jẹ́ ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì: 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀kọ́ mẹ́ta tó kù. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú-àáyá 40 péré ló bọ́ sí ìbéèrè kan. Ọmọ tó mọ ìwé ṣùgbọ́n tó ń wá máòsì kiri ti pàdánù nínú àkókò rẹ̀ kó tó ronú. Nítorí náà ẹ kọ́ wọn ní bọ́tìnì mẹ́jọ tí JAMB fàyè gbà, kí wọ́n gbàgbé máòsì: A, B, C, D láti yan ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi ránṣẹ́, R láti yí èrò padà bí wọ́n bá ti ṣèèṣì tẹ S. S yẹn ni kí ẹ kìlọ̀ fún wọn nípa rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má fún wọn ní ìdánwò kankan. Kí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọlé, bí wọ́n ṣe ń jáde, bí wọ́n ṣe ń fa ojú ìwé sókè sódò láti ka àyọkà tí kò hàn tán lójú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè 20 ní ìṣẹ́jú 20. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ mú un wá sí ìbéèrè 20 ní ìṣẹ́jú 13, ìyẹn ni ìyára JAMB gan-an. Nínú ìṣirò, ìwé pélébé ni kí wọ́n ti máa ṣe iṣẹ́. Àṣìṣe tó pọ̀ jù wà nínú kíkọ nọ́ńbà láti ojú kọ̀ǹpútà sórí ìwé: 3x² á di 3x2, àmì ìyọkúrò á já bọ́. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìbéèrè sórí ìwé tán, kí wọ́n fi ìka tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yanjú rẹ̀.

Ti WAEC yàtọ̀. Láti ọdún 2024 ni wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò àwọn aládàáni, ìyẹn àwọn tí kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ ló forúkọ wọn sílẹ̀. Ọ́jẹ́, ìyẹn ìbéèrè tí ọmọ ti ń yan ìdáhùn, ń lọ lórí kọ̀ǹpútà. Ní ti tíọ́rì, ìbéèrè máa hàn lójú kọ̀ǹpútà, orí ìwé ni ọmọ máa dáhùn sí. Ìjọba àpapọ̀ ti sọ pé ọ̀nà yẹn náà ni ti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ máa gbà. Ẹ fi tíọ́rì kan dán wọn wò báyìí lẹ́ẹ̀kan ní táàmù kọ̀ọ̀kan, nítorí ọmọ tó ti mọ́ lára láti máa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ nínú ìwé ìbéèrè ò ní lè fa ìlà kankan sójú kọ̀ǹpútà. Kí ẹ sì pa ètò tó ń jẹ́ kí ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọmọ tó ń kọ àròkọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ á gbójú sókè, ojú kọ̀ǹpútà ti dúdú, ẹ̀rù á bà á.

Tíṣà_Ìṣirò (Ọ̀wọ̀)

Ọ̀gá Ìdánwò, òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, kí ìdánwò má gba gbogbo yàrá náà tán. Bó bá jẹ́ ọ́jẹ́ nìkan ni àwọn ọmọ ń tẹ̀ láti SS1 dé SS3, wọ́n á yára, wọn ò ní gbọ́n sí i.

Ẹ wo ìbéèrè tí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ sókè yẹn. Ìdáhùn rẹ̀ ni B. Ká ní ìdajì kíláàsì yan D. Èwo ni 15? Wọ́n yọ 5 kúrò nínú 20, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Wọn ò fi 3 pín in. Ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa kọ́ wọn lọ́la, kò sì gbà yín ní ìṣẹ́jú kan. Èrè tí Moodle ń ṣe fún olùkọ́ tó ní ogójì ìwé láti máàkì nìyẹn. Lẹ́yìn ìdánwò, ẹ wọ Results, ẹ ṣí Statistics. Ó máa fi hàn yín iye tó gba ìbéèrè kọ̀ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí àwọn ọmọ tó mọ̀wé jù kùnà, tí àwọn tí kò mọ̀ sì gbà, ẹ yẹ ìdáhùn tí ẹ̀yin fúnra yín fi sí i wò: ó ṣeé ṣe kí ẹ ti kọ ANSWER rẹ̀ lódì.

Àti pé kí ìdáhùn tí kò tọ̀nà ní ìdí. Ẹ má kàn kó nọ́ńbà jọ. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ibi tí àṣìṣe kan pàtó máa gbé ọmọ dé. Ìbéèrè mẹ́wàá tí wọ́n kọ báyìí dára ju ọgọ́ta tí wọ́n kó láti inú ìwé ìbéèrè ọdún àtijọ́ lọ.

Igbákejì_Ọ̀gá (Ìjẹ̀bú-Òde)

Kò tíì sẹ́ni tó sọ ti táìmùtébù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ yàrá kọ̀ǹpútà ti ń kú. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́, kọ́kọ́rọ́ ló wà lọ́wọ́ ẹnìkan.

Ọmọ 160 lórí ẹ̀rọ 20 jẹ́ ọ̀wọ́ mẹ́jọ. Bí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan bá ń wọlé fún ogójì ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, pírọ́ọ̀dù mẹ́jọ ni SS2 máa gbà. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń ṣe pírọ́ọ̀dù mẹ́jọ lójúmọ́ ní ogójì lọ́sẹ̀. Bí SS1 àti SS3 bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó di 24, ó ku 16 fún JSS àti àtúnṣe. Ó ṣeé ṣe, kò sì fún wa rárá.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé kíláàsì jẹ́ ogójì, ẹ̀rọ jẹ́ ogún. Ta ló máa mójú tó ogún tó kù? Ẹ so pírọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ti ìṣirò, kí méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn. Ogún wà lọ́dọ̀ olùkọ́ kọ̀ǹpútà, ogún wà lọ́dọ̀ olùkọ́ ìṣirò, nígbà tí agogo bá lù, wọ́n á pààrọ̀. Olùkọ́ ìṣirò á jàǹfààní, nítorí ogún ọmọ ló ní níwájú dípò ogójì. Ẹ má ṣe máa kó ogójì sórí ogún fún ìdánwò. Fún ẹ̀kọ́ Kolibri, ọmọ méjì lè jókòó ti ẹ̀rọ kan, ṣùgbọ́n kí ẹni tó di máòsì mú gbé e fún èkejì lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, kí olùkọ́ sì kéde rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ tí wọ́n ní kọ̀ǹpútà nílé ló máa dì í mú títí dópin.

Tí àwọn aláyẹ̀wò láti iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ bá dé, iye ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń kà. Mo fẹ́ kí wọ́n máa béèrè iye ìṣẹ́jú tí ọmọ kọ̀ọ̀kan lò lọ́sẹ̀. Títí wọn ó fi máa béèrè rẹ̀, ẹ fi ìwé kan sẹ́nu ọ̀nà: ọjọ́, ọ̀wọ́, iye ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́, ìṣẹ́jú, àléébù. Ìlà kan fún pírọ́ọ̀dù kan. Bí ẹ bá fẹ́ béèrè owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ìwé yẹn ló máa bá yín sọ̀rọ̀.

Olùkọ́_Tuntun (Ṣàgámù)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ṣé kò ní rọrùn jù kí àwọn ọmọ mú fóònù wọn wá, kí wọ́n fi Wi-Fi wọ Moodle? Ẹ̀rọ á pọ̀ tó.

Igbákejì_Ọ̀gá (Ìjẹ̀bú-Òde)

Mi ò fara mọ́ ọn, àbúrò mi. Ọmọ tí kò ní fóònù á wà nínú kíláàsì náà, ìtìjú á bá a. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá sọnù, ilé-ẹ̀kọ́ ni òbí rẹ̀ máa wá bá. Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ ṣe é, kí fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́, kó ní nọ́ńbà lẹ́yìn, kó má kúrò nínú yàrá náà.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì_Ẹ̀gbá (Abẹ́òkúta)

Mo fi kún un pé ráútà kékeré tí a ń lò nílé ò lè gbé ogójì fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ti kọjá ogún sí ọgbọ̀n, á bẹ̀rẹ̀ sí í já wọn sílẹ̀. Wáyà ló dájú fún ìdánwò.

Olùkọ́_Iṣẹ́_Ọwọ́ (Òṣogbo)

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe ni mo fẹ́ fà yọ, nítorí àtúntò tí ìjọba ṣe sí kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù lọ́dún 2025 ti fún wa ní irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ò tíì rí. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì tẹ́lẹ̀ lé ní ọgbọ̀n. Wọ́n ti dín in kù sí mẹ́fà. Títo iná sólà àti ìtọ́jú rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe náà wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ohun tó wà ní yàrá yín: láptọ́ọ̀pù 20, ínfátà, bátìrì, pánẹ́ẹ̀lì. Yàrá iṣẹ́ fún ẹ̀kọ́ méjì ni. Bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá máa yan iṣẹ́ ọwọ́, ẹ jà fún méjèèjì yìí, kí ìtọ́jú yàrá náà di iṣẹ́ kíláàsì tó ní máàkì, kí ó má jẹ́ àánú tí olùkọ́ kan ń ṣe nígbà tó bá ráyè.

Ohun tí àwọn ọmọ lè ṣe lábẹ́ ojú olùkọ́ nìyí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù àti ihò afẹ́fẹ́, kí wọ́n wo ṣájà bóyá ọrùn wáyà rẹ̀ ti ń ṣí. Ọrùn wáyà ṣájà ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́ nínú ohun gbogbo. Ẹ ra márùn-ún sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan ní táàmù: kí wọ́n tú ìdí láptọ́ọ̀pù, kí wọ́n fẹ́ eruku fáànù, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìka tàbí igi kékeré di fáànù náà mú kó má yí nígbà tí blower ń fẹ́ ẹ. Láàárín ọyẹ́, kó di ẹ̀ẹ̀mejì. Láptọ́ọ̀pù tó bá ń gbóná tó sì ń kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, eruku ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Ní ti sólà, kí wọ́n wẹ pánẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n sì ka nọ́ńbà lójú ínfátà sínú ìwé. Ọmọ kankan ò gbọdọ̀ fa sókẹ́ẹ̀tì pánẹ́ẹ̀lì yọ nígbà tí oòrùn wà lórí rẹ̀ tí iná sì ń gbà á kọjá. Iná DC kì í jáwọ́ bíi ti ilé, á ta pàrà, á sì jó ọwọ́. Kí wọ́n pa breaker rẹ̀, ìyẹn bọ́tìnì tó ń gé iná, ná.

Ní Ọ̀ṣun níbí, ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde lọ́dún 2013, tábúlẹ́ẹ̀tì tó ní ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò nínú fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Èrò tó dára ni, mo sì ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹ̀rọ máa dáhùn ni èyí: nígbà tí ojú rẹ̀ bá fọ́ ní abúlé, ta ló máa tún un ṣe, owó ta ni? Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde yín ra kọ̀ǹpútà 17, kí wọ́n fi owó mẹ́ta tó kù sílẹ̀ fún ṣájà, bátìrì àti ojú ẹ̀rọ. 17 tó ń ṣiṣẹ́ ní ọdún kẹta ju 20 tó ku mẹ́fà lọ.

Ìyá_Èdè (Ilé-Ifẹ̀)

Mo ti dé. Ìlànà èdè ti ọdún 2022 ní kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kó máa jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an, nítorí pé ní ìlú wa níbí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní 1970, ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú iṣẹ́ tó kù. Ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Àmọ́ ti yàrá kọ̀ǹpútà là ń sọ. Ẹ lè ṣe èyí láìsí ẹni tó máa dá yín lẹ́kun. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ wà bó ṣe wà, Next, Previous, Submit, nítorí òun ni wọ́n máa bá pàdé lọ́jọ́ ìdánwò. Ṣùgbọ́n ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, kí ọmọ sì fi Yorùbá sọ ọ́ padà fún yín. Nínú Moodle, àyè wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan fún àlàyé tó ń hàn lẹ́yìn tí ọmọ bá ti dáhùn. Ẹ fi Yorùbá kọ ìdí tí ìdáhùn fi tọ̀nà síbẹ̀. Ọmọ tó bá kùnà á ka Gẹ̀ẹ́sì lókè, á ka Yorùbá nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì á sì gbé ara wọn.

Fún títẹ àmì ohùn, Windows ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú Settings, lábẹ́ Time & language. Gboard náà ní i lórí fóònù, ó sì yá lọ́wọ́ mi jù. Ìbéèrè tí ọmọ máa fi ọwọ́ tẹ ìdáhùn sí, ẹ má lò ó fún iṣẹ́ Yorùbá títí wọn ó fi mọ kíbọ́ọ̀dù yẹn, kí a má baà gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tó mọ ìdáhùn.

Tíṣà_Kọ̀ǹpútà (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ ṣeun gan-an, sà, ma, gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kẹ́túlù yẹn ti wọ ìwé àdéhùn, mo sì máa ní kí wọ́n ra 17. Ó ku ìbéèrè méjì. Àwọn tòkúnbọ̀ tí wọ́n fi hàn wá, Windows 10 ló wà lórí wọn, Microsoft sì ti dẹ́kun àtúnṣe rẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Ṣé kí a kọ̀ wọ́n? Èkejì, òrùlé yàrá náà jẹ́ páànù, igi ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti gbó. Ṣé a lè gbé pánẹ́ẹ̀lì lé e?

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì_Ẹ̀gbá (Abẹ́òkúta)

Ẹ má kọ̀ wọ́n. Ẹ fi Linux Mint, ètò tó lè rọ́pò Windows, sí i. Ọ̀fẹ́ ni, Moodle àti Kolibri ń ṣí nínú Firefox bákan náà, ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì inú fláàṣì àwọn ọmọ ò sì ní rí ibi fẹ̀yìn tì. RAM 4GB ni kó kéré jù. Ẹ to ọ̀kan tán pátápátá, ẹ fi Clonezilla ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí hard disk, kí ẹ wá dà á sórí àwọn 16 tó kù. Bí ọ̀kan bá dàrú ní àárín táàmù, ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ tún dà sí i. Ẹ ṣáà rí i pé hard disk inú àwọn tó kù ò kéré sí ti àkọ́kọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní gbà.

Tíṣà_Físíìsì (Ìbàdàn)

Ẹ má gbé e lé igi tó ti gbó. Pánẹ́ẹ̀lì 550W kan wúwo tó kílò 28, mẹ́fà rẹ̀ sún mọ́ 170 kí ẹ tó ka irin, atẹ́gùn òjò á sì máa gbé e láti ìsàlẹ̀. Ẹ ri òpó irin mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn yàrá, kó ga ju orí ọmọ lọ, kí ẹ yí ojú rẹ̀ sí gúúsù, kó dagun díẹ̀, bí i dígírì 10, kí omi òjò lè gbá eruku lọ. Ẹ wo òjìji igi máńgòrò tàbí ti ilé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ àti aago mẹ́ta ọ̀sán kí ẹ tó gbẹ́ ihò; òjìji tó bo pánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo á fa iná gbogbo àwọn tí wọ́n so mọ́ ọn wálẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ wẹ̀ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú omi àti aṣọ rírọ̀, láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú un gbóná, nítorí omi tútù lórí gíláàsì tó gbóná lè là á.